Nọ́ọ̀sì Àpọ́nlé àti Ọrùn Ilé Mákindé

Ẹgbẹ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì,
Ilé Ìwòsàn Ìrètí-Ayọ̀,
Ṣakí.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1988.

Bàbá wa Ọlágòkè Mákindé àti gbogbo ẹbí ní Ògbóòrò,

Ọkàn wa gbọgbẹ́, ọwọ́ wa sì wúwo, bí a ti ń kọ̀wé sí yín lórí ikú àbúrò yín, Nọ́ọ̀sì Àpọ́nlé, ẹni tí Olúwa pè sí ìsinmi lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlógójì. Ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi bá wa ṣiṣẹ́. Lẹ́ẹ̀rùn, lójò, orí kẹ̀kẹ́ ló máa ń wà, tí yóò gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dé Òfikì àti Ìwéré-Ilé. Bí ọmọ bá figbe ta lọ́wọ́ rẹ̀, a sọ fún ìyá ọmọ pé, "Ẹ jẹ́ kó ké. Ẹni tó lóhùn tó báyìí kò ní í kú ní kékeré."

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Nígbà tí ọrùn rẹ̀ kọ́kọ́ wú, tayọ̀tayọ̀ lẹ fi gbà á. Nínú ilé yín, ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá wú, Ìyá Àgbà, tí ọrùn tirẹ̀ wú kó tó kú, ló padà wá. Ẹ so iyùn Ìyá mọ́ ọn lọ́rùn, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín. Àwa tí a kàwé kò sàn jù yín lọ. Gẹ̀gẹ̀ pọ̀ lágbègbè wa, a ní gẹ̀gẹ̀ ni, oògùn gẹ̀gẹ̀ la sì ń fún un fún ọdún mẹ́ta. A jẹ́wọ́ èyí níwájú Ọlọ́run àti níwájú yín.

Òun fúnra rẹ̀ ló fura. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò gbóògùn ń dà á láàmú, ó sì rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bàbá yín. Ó kọ orúkọ àwọn ará ilé sínú ìwé, láti orí Ìyá Àgbà wá sísàlẹ̀, mọ́kàndínlógún. Ó fa ìlà sábẹ́ ẹni tí ọrùn bá jà. Ìlà mẹ́fà. Ìkẹfà wà lábẹ́ orúkọ tirẹ̀.

Àyẹ̀wò ní Ìbàdàn fìdí rẹ̀ múlẹ̀: jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ iwájú ọrùn, ibi tí gẹ̀gẹ̀ náà ti ń wú, ni, irú kan tó ṣọ̀wọ́n, tí ń bá ẹ̀jẹ̀ ìdílé rìn. Àbùdá kan ló ṣìnà, tí òbí ń fi fún ọmọ láìmọ̀, bó ti ń fi ojú àti ohùn fún un. Bí òbí kan bá ní in, bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe lè jogún rẹ̀ náà ló ṣe lè bọ́. Ẹni tó bá sì bọ́ kò ní nǹkan tí yóò gbé fún ọmọ tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá làwọn onímọ̀ lókè òkun mọ àdúgbò tí àbùdá náà ń gbé. Wọn kò tíì mọ ilé rẹ̀. Síbẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi àrùn náà hàn kí ọrùn tó wú, iṣẹ́ abẹ sì lè gba ẹ̀mí là. Ti Àpọ́nlé ti dé ẹ̀dọ̀ kí a tó mọ̀. Ẹ̀yin ènìyàn wa, Ìyá Àgbà kò padà wá. Ohun tó pa á ni kò lọ.

Bàbá, níbi ìsìnkú, a rí iyùn yẹn lọ́rùn Mọ́ládé, ọmọ olóògbé, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. A rí àwọn àgbà tí ń kúnlẹ̀ kí i pé, "Ìyá, ẹ kú àbọ̀ o." Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. A kò lè gbé ojú rẹ̀ kúrò lọ́kàn.

Ohun kan ṣoṣo ni Àpọ́nlé bẹ̀ wá kó tó dákẹ́: kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wò. Ẹgbẹ́ wa ti gbà á rù. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, ọkọ̀ ilé ìwòsàn yóò dé iwájú ilé yín láti gbé Mọ́ládé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì méjì yóò sì tẹ̀ lé wọn. A kò ní mú wọn láìgbàṣẹ yín, Bàbá, ṣùgbọ́n awakọ̀ wa kò ní tètè lọ.

Kí Ẹni tó hun wá nínú ìyá wa, tí kò sí okùn kan nínú wa tó pamọ́ fún un, tù yín nínú. Kí Ó sì jẹ́ kí lẹ́tà tí a óò tún kọ sí ilé Mákindé jẹ́ ti ìkíni kú oríire. Àmín.

Tiyín nínú Olúwa,
Ọmọ́wùmí Adégbénró,
Akọ̀wé, fún Ẹgbẹ́.