Wọ́n Fẹ́ Fi Ìwé Olóyè Gba Àlọ́ Lẹ́nu Mi

Sátidé, Jánúárì 11, 2025
Inú ń bí mi. Láti ìgbà tí mo ti dé Forestville ní Amẹ́ríkà yìí, ilé tí mò ń gbé, ti ọmọ mi Abísọ́lá ni. Kíṣìnnì, tiẹ̀ náà ni. Àlọ́ ni tèmi — èyí tí mò ń pa fáwọn ọmọ ní iléèwé Yorùbá ọjọ́ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Temple Hills. Àfi bí Alága ṣe dìde lónìí. Lukman ọkọ Abísọ́lá ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, òun ni alága iléèwé náà. Ó ní òun fẹ́ gbé òfin kalẹ̀: gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ka ìwé ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Olóyè Babáwálé kọ, akọni tó bá òyìnbó jà nígbà òmìnira. Ọmọ tí kò bá kà á, kò sí sátífíkéètì. Ìgbà wo ni wọ́n máa wá kà á? Àsìkò àlọ́!
Ó ní, "Ẹ má bínú, Màámi, ìtẹ̀síwájú ni."
Ìtẹ̀síwájú tó gba orí mi kọjá.

Sọ́ńdè, Jánúárì 12
Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Mo gbé ẹran tó tóbi jù fún Ìdùnnú ọmọ ẹ̀, mo bu egungun fún Alága. Ó rí i.

Túsìdeè, Jánúárì 14
Sátidé la máa jiyàn, ká tó dìbò. Èèyàn kì í bá ẹni tí ò mọ̀ jà. Mo yọ́ ìwé àkọ́kọ́ mú lórí tábìlì Alága. Èmi tí mi ò wọ iléèwé rí, tó jẹ́ kíláàsì àgbàlagbà ni mo ti mọ a-b-d — mò ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Àléébù ni mò ń wá.

Wẹ́sìdeè, Jánúárì 15
Mo ti rí àléébù kan. Ó gùn.

Tọ́sìdeè, Jánúárì 16
Obìnrin kan wà nínú ìwé yìí, Fẹ̀yìntọlá, aránṣọ. Ọkọ ẹ̀ wọ rélùwéè lọ sí Kano, kò padà wá. Ìyá ọkọ ní Fẹ̀yìntọlá ló pa á. Ni Fẹ̀yìntọlá bá fárí, ó wọ ṣòkòtò, ó ní òun náà ń bá rélùwéè lọ, òun á wá ọkọ òun rí. Èébú tóun àti ìyá ọkọ bú ara wọn kó tó lọ — háà! "Olójú bí ihò ògiri tí eku kọ̀ sílẹ̀!" Mo rẹ́rìn-ín títí Abísọ́lá fi jí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣífìtì ọsibítù dé. "Màámi, kí ló dé?" Mo ní mo rántí nǹkan ni. Mo ki ìwé bọ àpò gaàrí.

Sátidé, Jánúárì 18
Ìjà ńlá. Bàbá Ṣítù tó wá láti Laurel ní kí ló dé tó jẹ́ akọni ìlú Alága nìkan, ìlú tòun náà ní akọni. Wọ́n ní, ṣé ó kọ̀wé? Ó ní, "Kò kọ̀wé, ṣùgbọ́n ó lẹ́ṣin."
Humaira, nọ́ọ̀sì, ní àwọn ọmọ òun ń kọ́ ìwẹ̀ lódò, wọ́n ń kọ́ dùùrù, ṣé ká kúkú pa wọ́n? Ó wá kọjú sí Alága: "Bọ̀dá Lukman, ẹ̀yin alára, ṣé ẹ ti kà á?"
"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."
"Mo ní ṣé ẹ ti kà á?"
"Ó wà lórí tábìlì mi báyìí!"
Nínú gaàrí mi.
Wọ́n ní kí Màámi sọ̀rọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ kalẹ̀ látàná. Mo dìde. Fẹ̀yìntọlá ló wá sí mi lọ́kàn, mo fi í sílẹ̀ ní tíṣọ̀n rélùwéè nínú ìwé, ọlọ́pàá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo ní, "Ìwé náà gùn." Mo jókòó. Ìtìjú.
Òfin wọlé.

Sátidé, Jánúárì 25
Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Tíṣà Adékọ́lá ló ń kà á sókè, bí ẹni ń ka bíìlì iná. Mo jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú kóòtù mi, bí àlejò. Àwọn ọmọ ń tòògbé — àfi ìgbà tó dé ibi èébú. Gbogbo orí dìde! Nínú mọ́tò, Ìdùnnú tí kì í sọ Yorùbá rárá ní kí n túmọ̀ fóun. Mo túmọ̀. Mo fi ọwọ́ sí i, mo fi ojú sí i.

Túsìdeè, Jánúárì 28
Alága nà gbalaja sórí àga, ó ní kí Ìdùnnú lọ fọ abọ́. Ọmọ yìí gbé ọwọ́ lé ìbàdí: "Ọ̀lẹ aláṣẹ tó ń fi ẹnu fọ abọ́!"
Abísọ́lá pàtẹ́wọ́. "Yorùbá ẹ ti dáa o!" Ìgbà tó yá ló tó gbọ́ ohun tọ́mọ sọ.
Mo wá nǹkan ṣe nínú fíríìjì.

Sátidé, Fébúárì 1
Ọmọ Humaira pe Bàbá Ṣítù ní "abikùn bí àpò ìrẹsì tó ya." Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn tó ń pariwo akọni, akọni, àwọn náà ló ń pariwo ẹ̀kọ́kẹ́kọ̀ọ́. Alága fúnra ẹ̀ ní ká fagi lé òfin, kí ìwé náà má wọbẹ̀ mọ́.
N ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Ẹ ò lè dá a dúró níbẹ̀! Fẹ̀yìntọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jẹ́bà ni!"
Gbogbo ojú yí sí mi. Alága ní, "Màámi... Jẹ́bà wo?"

Wẹ́sìdeè, Fébúárì 5
Mo parí ẹ̀. Mo sunkún sínú táwẹ̀lì. Mo dá ìwé padà sórí tábìlì, gaàrí kún inú ẹ̀.

Sátidé, Fébúárì 8
Wọ́n dìbò. Òfin tuntun: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ka ìwé Olóyè níbẹ̀ mọ́. Èmi nìkan ni mo nawọ́ pé kí wọ́n máa kà á lọ. Alága ní, "Màámi, ẹ gba àsìkò yín padà. Àlọ́ jẹ́jẹ́ la fẹ́." Ohun tí mò ń jà fún nìyẹn. Kí ló dé tínú mi ò dùn?

Sátidé, Fébúárì 15
Àwọn ọmọ jókòó, ojú wọn fà ro. Wọn ò fẹ́ gbọ́ ti ẹranko kankan. Alága dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera.
Mo ní, "Àlọ́ o!"
"Àlọ̀."
"Àlọ́ mi dá lórí obìnrin aránṣọ kan, tó fárí, tó wọ ṣòkòtò, tó bá rélùwéè dé Jẹ́bà —"
Ariwo! Alága sáré wọlé. "Màámi, òfin ńkọ́?"
Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i. Òfìfo. Kíkà ni wọ́n fòfin dè, ta ló ń kàwé? Mo bá àlọ́ mi lọ. Mo kọrin ẹ̀, wọ́n gbè é. Mo bú èébú ẹ̀, wọ́n fò sókè. Mo gbé Fẹ̀yìntọlá dé Kano, dé ẹnu ilẹ̀kùn kan báyìí, ó kan ilẹ̀kùn, ẹnìkan dá a lóhùn látinú ilé — ni aago bá lù.
Gbogbo wọn ń kó bàtà. Alága ò kúrò lójú kan. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́ — ṣé ọkọ ẹ̀ ni?"
Mo wọ kóòtù mi.
"Bàbá Ìdùnnú, lọ kà á."