Aṣọ Ìkórè Tó Ń Gún Ọmọ Lọ́rùn

Ìwàrà,
Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ìkórè àwọn ọmọdé.

Èyítáyọ̀, Àpìkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ìjọba ń lọ déédéé ní Òṣogbo níbẹ̀, ṣé wọ́n sì ń rántí san owó oṣù? Olúwa tó jẹ́ kí o kàwé kò ní jẹ́ kí o fi ìwé jìyà. Àwa náà wà láàyè níhìn-ín. Ewúrẹ́ wa bí méjì, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò, orúnkún mi ṣì ń bá mi jà láàárọ̀. Ǹ bá ti pè ọ́, ṣùgbọ́n obìnrin inú fóònù yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo kí i, mo béèrè ọkọ àti ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ṣe ló ń kéde lójú àlejò pé owó mi ti tán. Mo tún mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò lè dúró lójú rẹ sọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Mùyídéènì awakọ̀ kí o tó wá mú Ìléríolúwa ọmọ rẹ padà ní Sátidé.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí Phebe, olórí àwọn obìnrin ìjọ wa, tó fi iyọ̀ sí i fún ọ: mo mú pàṣán lé ọmọ rẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Jókòó ná, má tíì gbé báàgì. N kò nà án.

Orí fọ́ọ̀mù ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o ní obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ìṣe wọn yàtọ̀ ní Òṣogbo ní kí n máa ṣọ́ Ìlérí fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n máa máàkì ohun tí mo bá rí, èmi rò pé ìdánwò ni. Ṣé ojú mi báyìí ni ọmọ-ọmọ mi yóò ti fìdí rẹmi? Ọjọ́ kejì ni mo ti dáhùn gbogbo rẹ̀ tán. Ṣé ariwo máa ń dẹ́rù bà á? Rárá. Ṣé aṣọ máa ń yọ ọ́ lẹ́nu? Rárá. Ṣé ó máa ń kọ oúnjẹ nítorí bó ṣe rí lẹ́nu? Mo ní rárá, torí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó rí iyán tó ń bì, ta ni mo fẹ́ lọ sọ ọ́ fún? Èyí tó béèrè bóyá ó fẹ́ràn kí nǹkan wúwo tẹ òun mọ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ ni o, kì í ṣe gàrí.

Ohun pupa tí o ní kó máa fi bo etí ńkọ́? Mo rò pé rédíò ni. Mo dé e láti gbọ́ ìròyìn, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ra bátìrì, n kò rí ojú ibi tí n ó ti kì í bọ̀ ọ́. Mo gbé e lọ bá Mọ́ṣúdù tó ń tún rédíò ṣe, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní kí n má dààmú, pé kí èèyàn má baà gbọ́ nǹkan kan gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Mo bá dé e lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin. Phebe sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àbọ̀. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń lọ sí ìpàdé yẹn, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀.

Ìkórè wá dé. Mo ní ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba kò ní wọ aṣọ tó ti ṣá wá ìkórè. Mo ṣí àpótí, mo yọ léèsì aláwọ̀ ewé rẹ, èyí tí o wọ̀ ní ìkórè nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje. Mo wọ̀ ọ́ fún un, mo sì yọ ohun pupa lórí rẹ̀, kí wọ́n má baà ní adití ni. Ọmọ ń fa ọrùn aṣọ, mo ń gbá a lọ́wọ́. Àfi bí wọ́n ṣe tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun tí ìjọ rà, ó han bí ewúrẹ́ tí ọ̀kadà tẹ̀ nírù. Ìlérí bọ́ aṣọ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ku òun àti pátá, ó sì gba ẹnu ọ̀nà pásítọ̀ sá jáde. Phebe ní ẹ̀mí kan ló wà lára ọmọ yẹn, pé ká gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní bí ààwẹ̀ bá yá, ẹnu tirẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí gidigidi. Mo ṣa aṣọ náà nílẹ̀, mo já ẹ̀ka gúáfà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Inú yàrá tí mo ń kó gàrí sí ni mo bá a. Ó ti há ara rẹ̀ sáàárín àpò méjì, ó wọ́ àpò kékeré kan lé itan, ara rẹ̀ sì balẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Mo gbé ẹ̀ka sókè. Ó wò mí, ó ní Màmá, aṣọ náà ń gún mi.

Àpìkẹ́, ọwọ́ mi dúró lókè. Ohun tí o sọ fún mi nìyẹn gan-an, nínú aṣọ yẹn gan-an, lọ́jọ́ ìkórè tìrẹ. Mo ní alágídí ni ọ́. Mo nà ọ́ délé, mo tún wọ aṣọ náà fún ọ, mo mú ọ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. O jókòó, o kò sunkún mọ́, inú mi sì ń dùn pé mo ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Mo sọ ẹ̀ka nù. Mo wo ọrùn Ìlérí, ó pọ́n yíká. Mo mú aṣọ náà, mo fi ọrùn rẹ̀ ra ọrùn ara mi. Awọ mi tó ti gbó báyìí, ó ṣì ń yún un. Kí ló wá ń ṣe ọmọ tí nǹkan gbogbo ń ta lára ju bó ṣe ń ta àwa yòókù lọ? Ó ní kí n fún òun mọ́ra, kí n fún un dáadáa. Mo jókòó sínú gàrí pẹ̀lú aṣọ ìkórè mi, mo dì í mú gírígírí títí wọ́n fi ta iṣu ìkórè tán láìsí wa.

Láti ìgbà náà, àpò gàrí ń gun itan rẹ̀ kó tó jẹun àárọ̀. Dùndú gbígbẹ ló ń jẹ, n kò fi iyán lọ̀ ọ́ mọ́. Òdì ló ń wọ aṣọ rẹ̀ kí ojú rírán má baà kàn án lára, bí Phebe bá sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà á wọ tèmi ní òdì lọ bá a nílé. Mo ti fi rọ́bà pa irọ́ inú fọ́ọ̀mù rẹ́, mo kọ òótọ́, àfi pé rọ́bà ti lu ìwé já níbi ti gàrí. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, orúkọ rẹ ni mo kọ. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún ẹni náà, n kò rí nǹkan kọ.

Jọ̀ọ́, má tìtorí pàṣán tí n kò lò sọ pé Ìlérí ò ní wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi mọ́. Bí o bá ń bọ̀, mú owó díẹ̀ dání: ti bátìrì tí mo rà lásán, ti fọ́ọ̀mù mìíràn, àti ti ohun ìbòtí kan tó gba orí àgbà, nítorí ìpàdé kò tán láyé. Má fi ránṣẹ́ gba báńkì o. Ẹ̀rọ wọn ní Iléṣà béèrè nọ́ńbà àṣírí mi, mo pariwo rẹ̀ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbọ́, àwọn tó tò sẹ́yìn mi ló gbọ́.

Ilé rẹ kò ní dàrú. O kò ní fi omijé tọ́mọ. Ohunkóhun tó bá ń gún ọ níbi tí ojú ìyá kò tó, Olúwa á bá mi yọ ọ́.

Léèsì náà wà nínú ọ̀rá tí Mùyídéènì gbé fún ọ. Kì í ṣe ti Ìlérí, tìrẹ ni. Mo mọ̀ pé kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Mo ti tú ọrùn rẹ̀, mo fi ìró mi àtijọ́ tó rọ̀ jù tẹ́ ẹ nínú. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Fi ọwọ́ kàn án wò, kò gúnni mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Julianah.