Okùn Márùn-ún fún Wándé Onídùùrù

Wándé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé omi Èkó kò ṣe ọ́ ní nǹkan? Ọlọ́run tó gbé ọ dé ìdí dùùrù òyìnbó kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ níbẹ̀. Gbogbo wa wà ní Akanran níbí, àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ mi bí ìbejì. Mo ti kí ọ tán. Jacob tíṣà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó ní kí n máa rọra sọ̀rọ̀ kí tàdáwà lè gbẹ, mo ní kó máa kọ ọ́ lọ, yóò gbẹ lójú ọ̀nà.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní lọ́jọ́ ìkórè, ìwọ nìkan ni yóò tẹ dùùrù níwájú gbogbo ìjọ, kò ní sí akọrin tí yóò bo àṣìṣe rẹ mọ́lẹ̀, orin náà sì máa ń sá kúrò lórí rẹ tó o bá dé ìdajì. O ní o ń fẹ́ àpótí ìjókòó tó ga díẹ̀, àbẹ́là méjì, aṣọ ìnulàágùn, àti ẹni tí yóò dúró tì ọ́ máa ṣí ìwé. Ohun tí mo ṣì ṣe ni pé mo jẹ́ kí Jacob kà á lójú agbo ilé. Bàbá Sàníù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní Sàníù tiwọn ń ké Kùránì láìwo ìwé, ìwọ ń wá ẹni tí yóò ṣí ìwé fún ọ bí ọmọ tí wọ́n ń rọ lẹ́kọ. Wọ́n ní tó o bá fi lè gbàgbé orin lọ́jọ́ náà, àwọn yóò mú ọ wálé wá kọ ebè. Mo ní kò sẹ́ni tó bí i dáa tí yóò mú ọmọ mi kúrò nídìí ohun tó fi ọdún mẹ́ta kọ́. Wọ́n bínú, mo jẹ́ kí wọ́n bínú.

Mo wá yẹ ewé ìwé orin tó o fi sínú lẹ́tà wò. Àṣé nǹkan tí mo mọ̀ ni! Okùn márùn-ún ni òyìnbó yà síbẹ̀, ó ta wọ́n ní kókó káàkiri, òmíràn dúdú, òmíràn ní ihò nínú. Jacob ní kì í ṣe okùn, mo ní kó kọ ohun tí mo sọ. Irú okùn oníkókó yìí ni mo fi ń mọ iye ẹrù ogún aláàárù dé Abẹ́òkúta. Òun ni mo fún Àpèkẹ́ àbúrò rẹ lọ́jọ́ tó sun ẹkún ìyàwó, kókó kan fún bàbá, kókó kan fún ìyá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ní ṣé ewúrẹ́ ni ìyàwó tó ń di okùn mú. Àpèkẹ́ sun ún láti ojúlé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kò fo ẹnì kan. Àwọn ẹlẹ́rìn-ín ló wá ń nu ojú.

Ohun tí òyìnbó ṣì ṣe ni pé ó ya okùn, kò ta á. Ìwé ni atẹ́gùn ń ṣí, ìwé ló ń fẹ́ àbẹ́là. Mo ti ta tèmi. Jacob ń fọwọ́ tọ́ka, èmi ń ta, hóró iṣin fún kókó dúdú, ẹ̀wà funfun fún èyí tó ní ihò. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ méjèèjì yóò wà lórí eyín dùùrù, ẹsẹ̀ rẹ yóò máa fẹ́ ẹwìrì rẹ̀ bí ti alágbẹ̀dẹ. Nítorí náà ẹnì kan ní láti máa fa okùn náà kọjá lójú rẹ. Èmi ni ẹni náà.

Gàfárù aláàárù ń gbé àpótí, òrí tí o ó fi pa ọmọ ìka, àti ìdajì ìró aláró mi fún òógùn bọ̀. Fi owó oníbodè àti owó ọkọ̀ ojú omi tí n ó fi wá rán an padà sí mi kíá, má sọ pé o ń dúró de ẹnikẹ́ni. Tí owó náà kò bá dé, mò ń bọ̀ náà, kí oníbodè wá ohun tí yóò fi mí ṣe. Bàbá Sàníù ní obìnrin kò gbọdọ̀ dúró fa okùn níwájú ìjọ. Mo ní kí wọ́n bá mi kálọ, kí wọ́n gbé ọkọ́ tí wọ́n fẹ́ fún ọ dání, kí wọ́n rí ibi tí wọn yóò gbé e sí.

Orí rẹ kò ní gbàgbé, ọmọ mi. Tó bá sì fẹ́ gbàgbé, wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ. Èmi ìyá rẹ ni mo di okùn mú.