Èmi Ni Mo Se Oúnjẹ fún Àwọn Ajẹ̀wé

Ilé Bàbá Luqman,
Barkin Sale,
Minna,
Ìpínlẹ̀ Niger.
17 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Eyínfúnjowó mi ọ̀wọ́n,

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún tí o ti kúrò níbí, lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Rahmah ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ tó ń mì nígbà tí ẹ wà níbí ti yọ? Ara tèmi náà le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo sì ń jẹun. Mo tètè sọ ìyẹn kí o tó bi mí.

Gbogbo ìgbà tí o bá pè mí lórí fóònù lo máa ń béèrè ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, èyí tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo ìgbà ni mo sì ń sọ pé ó wà dáadáa. Irọ́ ni mo ń pa. Mi ò lè fi ẹnu sọ òótọ́ rẹ̀ fún ọ, ni mo fi ní kí n kọ ọ́. Alfa Àbdùlbáàkí ń bọ̀ ní Ìlọrin lọ́jọ́ Túsìdé, òun ló máa mú lẹ́tà yìí wá.

Kòkòrò ń jẹ ìwé náà.

Kì í ṣe ikán, kì í sì í ṣe aáyán. Kòkòrò kékeré kan ni, ó ń dán bí fàdákà, ó ní ìrù tín-ín-rín mẹ́ta. Bí o bá ṣí ìwé, á sá bí ẹja tó rí ẹsẹ̀ ènìyàn nínú odò. Bí ọwọ́ rẹ bá bà á, á di lẹ́búlẹ́bú bí eérú. Bilqees, ọmọ aládùúgbò wa, rí ọ̀kan lára ògiri, ó sì pariwo pé, “Mama, ga kifi!” Ó ní ẹja ni. Ẹja wo ló ń gbé inú àpótí? Èmi ń pè wọ́n ní ajẹ̀wé, nígbà tí inú bá sì bí mi, mo ní orúkọ mìíràn tí mi ò lè kọ síbí.

O mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ jáde títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá opó á fi pé. Èmi àti àwọn ajẹ̀wé la jọ wà nínú ilé. Ẹni tí kò lè dé ọjà, ohun tí wọ́n bá gbé wá fún un ló máa gbà. Bàbá Àbdùlgàfárù tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ní ikán ni. Mo ní kì í ṣe ikán. Ó ní, “Ilé mẹ́ta ni mo ti kọ́ ní Minna yìí, Ìyá Luqman, ṣé mi ò mọ ikán ni?” Ó da epo ẹ́ńjìnnì dúdú yí ìpìlẹ̀ ilé ká. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ilé fi ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, àwọn ajẹ̀wé sì ń ṣeré tiwọn. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó òògùn kòkòrò kọjá, mo pè é láti ojú fèrèsé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n júwe wọn tán. “Wannan yana kashe komai, Hajiya!” Ó ní kò sí ohun tí èyí kì í pa. Èmi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, ọjọ́ méjì ni mo fi wúkọ́. Ìyá Bilqees kó kánfọ̀ wá, mo tò ó yí inú àpótí ká. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, ajẹ̀wé kan dúró lé kánfọ̀ náà lórí, ó ń wò mí.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Alfa Àbdùlbáàkí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Keteren Gwari, wá ṣàdúrà fún wa. Ó ní àwọn ìwé tó ti wà láti ayé bàbá bàbá rẹ̀, nítorí náà mo gbé ti ẹ̀gbọ́n rẹ fún un wò. Ó fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e sí imú.

Ó ní, “Kí lẹ fi lẹ èyí?”

Mo ní lẹ́ẹ̀ ni.

“Lẹ́ẹ̀ wo?”

Mo ní èmi ni mo fi sítáàṣì sè é.

Ó wò mí, ó rọra rẹ́rìn-ín. “Haba, Ìyá Luqman! Ẹ se oúnjẹ fún wọn, ẹ tún bù ú sáwo.”

Ṣé o rántí pé nígbà tí o ń lọ, o ní kí n bá ọ pa ìwé náà mọ́, torí èèpo rẹ̀ ti ń ya? Lọ́jọ́ kejì ni mo jókòó sórí ẹní, mo se sítáàṣì, mo fi bébà tó nípọn bo ìwé náà, mo sì fi lẹ́ẹ̀ kun ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí ojú ewé kankan má baà já. Kò tán síbẹ̀. Mo fọ àwọn kàftánì ẹ̀gbọ́n rẹ, mo rẹ wọ́n sí sítáàṣì bí ó ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo lọ̀ wọ́n bí ẹni pé ó ń lọ sí Jímọ̀, mo sì ká wọn lé ìwé náà lórí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí a ti pín wọn. Mi ò tíì lè ṣe é. Òjò tún ń rin ògiri tí àpótí náà kángun sí. Òótọ́ ni pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé èmi ni mo gbin ẹ̀fọ́ ọ̀hún?

Mo ti ha lẹ́ẹ̀ náà kúrò. Mo ti fi omi lásán fọ àwọn aṣọ. Alfa ní kí n ṣí ìwé náà síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí n wá gbé e sínú páànù pẹ̀lú ewé dóńgóyárò gbígbẹ. Láti ìgbà náà, ajẹ̀wé méjì péré ni mo rí. Ṣùgbọ́n ojú ewé mẹ́tàdínlógún ló ti lu.

Lánàá Sátidé ni Bilqees wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́rin, oníkálukú gbé ìwé tirẹ̀ dání. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú, wọn kò wá kẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ìyá Bilqees ló sọ fún wọn pé kòkòrò ti jẹ ìwé náà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá kọ láti inú rẹ̀ sí pátákó ni wọ́n máa ń dà kọ, bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn dí ihò tirẹ̀. Bilqees kà á pé, “Àgbẹ̀ ń lọ sí gona.” Mo ní, “Gona kọ́, oko ni.” Ó ní, “To, oko.” Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá ní ká má máa sọ ‘to’, ‘ó dáa’ ni.” Ni Bilqees bá tún un sọ pé, “Ó dáa, oko.” Lẹ́yìn náà a tún kà lọ. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ti pé.

Ọ̀kan tó kù ni èyí tí mò ń bẹ̀rù láti sọ. Orin tí ìyá yín, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, fi ń rẹ̀ yín lẹ́kún ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò tíì kọ́ wọn ní ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó dà á kọ. Ohun tó kù ni, “Ọmọ mi, dákẹ́, òjò ń pọnmi fún wa.” Ihò ni ìyókù. Mo mọ̀ pé torí ojú ewé yẹn lo ṣe ń béèrè ìwé náà. Dárí jì mí. Ìwọ nìkan ló kù nínú àwọn tí ìyá yín kọ orin náà fún. Èyí tí o bá rántí, ì báà ṣe ẹsẹ kan, jọ̀wọ́, kọ ọ́ fún Alfa kó mú un bọ̀.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí Rahmah. Luqman pè mí lórí fóònù, ó ní kí n kí ọ.

Pámárì mẹ́fà péré ni mo kà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti nu pátákó, mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa bọ̀ ní aago mẹ́wàá. Títí o ó fi dáhùn, ìlà orin kan tó kù yẹn ni màá fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo Sátidé ni a ó sì máa kẹ́kọ̀ọ́.

Ìyàwó yín títí láé,
Mọ̀ríámọ̀.