Wọ́n Ní A Kọ Abẹ́rẹ́ Lọ́jọ́ Jímọ̀

Bọ̀dá olóòtú, àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà ní ìyàwó ilé kan n'Ilaporu ló kọ̀wé.

Lóṣù tó kọjá, ìròyìn rédíò yín sọ pé àwa Mùsùlùmí àdúgbò wa kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára fáwọn ọmọ wa. Irọ́ ni. Ọjọ́ Jímọ̀ làwọn nọ́ọ̀sì wá, lásìkò ìrun. Mọ́ṣáláṣí ni gbogbo wa wà. Wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n bá padà lọ. Akọ̀ròyìn yín ò bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè. Mo pè yín lórí fóònù, ẹ ní ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò. Títí dòní, ẹ ò sọ nǹkan kan.

Láàárọ̀ àná, rédíò yín kan náà kéde pé àwọn nọ́ọ̀sì á tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi pa rédíò. Wọ́n ní, "Àwọn tó purọ́ mọ́ wa náà lo tún ń tẹ́tí sí? Ọmọ kankan ò ní jáde nílé yìí."

Èmi á gbé ọmọ tèmi lọ, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó kù nínú agboolé ńkọ́?

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ta ló ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́? Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ abẹ́lẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi purọ́ mọ́ wa ni kí wọ́n fi sọ òótọ́, lásìkò ìròyìn.

Ìyá ní ẹ ò ní jẹ́ ka lẹ́tà yìí síta. Mo ti gbé rédíò síwájú wọn.