Páànù Mákrúdù Tí Ó Tẹ Awọ Irin

Lassaad, àbúrò mi ní Grenoble,

Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ìwọ ni n kò kí. Orúnkún Màmá ti ń san, ólífì wa sì so.

O kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo ṣe, tí mo fi ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí yín, kò dára, pé òòfà rẹ̀ kọjú síbi tí kò yẹ. Ọ̀gá ti fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́! Ṣebí o mọ̀ pé bí awọ yẹn bá ti tẹ̀, òòfà rẹ̀ á yíjú padà? Páànù mákrúdù, àkàrà olóyin tí ò ń sunkún fún, ni Màmá dì lé e lórí nínú àpótí kan náà. O jẹ ẹ́ tán, o wá ní mi ò mọṣẹ́!

Ọlọ́run á ṣọ́ àwọn ọmọ. Màmá fẹ́ páànù rẹ̀. Fi lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá mi sínú rẹ̀, má sì di nǹkan kan lé e, kí ọ̀rọ̀ rẹ má baà tún yíjú padà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Emna