Àwòrán Ọkọ̀ Ogun Tó Lé Màmá Wọ Inú Ihò

Ilé Kejìdínlógún,
Abúlé Olszanka,
Ní ìhà Białystok,
Póláǹdì.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Lucjan, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Irmina ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ yín tuntun tó ń fi igbe jí gbogbo ilé? Mo mọ̀ pé òtútù Poznań kò tó tiwa níhìn-ín, síbẹ̀ kí ẹ máa wọ aṣọ tó nípọn. Èmi wà láàyè. Màmá náà wà láàyè. Jọ̀wọ́, tún gbólóhùn yẹn kà kí o tó máa bá lẹ́tà yìí lọ, nítorí ohun tó kù nínú rẹ̀ kò dùn-ún kà.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí lórí fóònù. Ó ṣeé ṣe kí o máa rò pé mo ṣì ń bínú nítorí àríyànjiyàn wa lórí ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ ọkọ̀ ogun rẹ. Rárá o. Inú kànga ni fóònù mi wà. Màmá ló jù ú síbẹ̀, n kò sì ní ẹnu láti bá wọn wí.

Rántí ìgbà tí o wá kí wa ní oṣù kẹwàá, tí o gbé àpótí rẹ sórí tábìlì wa bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun wá fi han ẹbí. T-62, táǹkì, ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà àtijọ́, tí wọ́n fi ike ṣe ní wẹ́wẹ́ kí á máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tó kéré débi pé márùndínlógójì irú rẹ̀ lórí ìlà ló gùn tó ojúlówó kan ṣoṣo. Mo yìn ọ́ fún àpótí tí o yàn, nítorí orí ọkọ̀ náà rí roboto bó ṣe yẹ, kò dà bíi ti àpótí ayé àtijọ́ tó rí bí ìkòkò tí wọ́n jókòó lé. Mo yìn ọ́ fún ẹnu ìbọn onírin tí o rà lọ́tọ̀, àti àwọ̀n idẹ tín-ín-rín tí o fi bo ibi ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, èyí tó yí àwọn wíìlì rẹ̀ ká, ni mo bá ọ jà lé lórí. O fi rọ́bà inú àpótí sí i bẹ́ẹ̀. Mo ní ojúlówó rẹ̀ wúwo, pé ó máa ń dẹ̀, kí ó sì sùn lé orí àwọn wíìlì, ṣùgbọ́n tìrẹ le gbọnrangandan bí ìgbànú ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. O ní ta ni yóò wo ibẹ̀. Mo ní èmi ni, pé ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Irmina sọ pé bí ọkùnrin méjì tó ti darúgbó bá lè jà báyìí nítorí rọ́bà, Ọlọ́run ló mọ ohun tí wọn ì bá ṣe ká ní wọ́n ní oko láti pín.

Ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì. O ní kí n bá ọ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó jẹ́ irin, kí n máa tọ́jú ọkọ̀ náà títí o fi máa padà wá. Kí ẹ tó lọ, o gbé e sínú koríko pápá ẹ̀yìn ilé wa, o fi ikùn lélẹ̀, o sì ya fọ́tò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ báyìí, tó fi jẹ́ pé ọgbà Bazyli aládùúgbò wa àti ṣọ́ọ̀ṣì onígi wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo àwa tí a ń ṣe nǹkan yìí la máa ń yà á bẹ́ẹ̀, kí ó lè dà bí ojúlówó. Èmi ni mo bá ọ di kóòtù rẹ mú. Ọkàn mi kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ohun kejì tó dá wàhálà sílẹ̀, lẹ́yìn fọ́tò náà, ni ọ̀rọ̀ “ruskie.” Lẹ́nu àwa tí a jọ ń to ọkọ̀, àpótí ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà la máa ń pè bẹ́ẹ̀. Nínú ilé ìdáná gbogbo obìnrin Póláǹdì, oúnjẹ ni, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀dùnkún àti wàràkàṣì sí nínú. Ṣùgbọ́n lẹ́tí Màmá, ohun kan péré ni: àwọn sójà Rọ́ṣíà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn ará Rọ́ṣíà gba ojú ọ̀nà wa kọjá. Àwọn tó tẹ̀lé ọkọ̀ náà ló mú bàbá wọn lọ, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní. Inú ihò ọ̀dùnkún, ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún sí, ni ìyá wọn fi wọ́n pamọ́ sí nígbà náà.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo lọ bá Bazyli la igi ìdáná. Mo gbàgbé fóònù sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo iyọ̀. O mọ̀ pé ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, mo ti sọ lẹ́tà inú rẹ̀ di ràbàtà, débi pé ẹni tó jókòó ní ìdí ààrò lè kà á. Nígbà tí mo padà dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn ń fẹ́ yìnyín wọ inú ilé. Mo pe Màmá, wọn kò dáhùn. Búrẹ́dì kò sí nínú apẹ̀rẹ̀. Àwòrán Màríà Mímọ́ tó máa ń wà lókè bẹ́ẹ̀dì wọn kò sí lára ògiri. Fóònù nìkan ló ń tàn lórí tábìlì. Ohun tí o kọ ránṣẹ́ ni mo bá níbẹ̀:

“Ruskie ti dé. Mẹ́ta ni wọ́n. Wo èyí tó ṣáájú, ó ti wà lẹ́yìn ilé yín.”

Fọ́tò rẹ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lucjan, n kò ní purọ́ fún ọ. Èmi tí mo di kóòtù rẹ mú lọ́jọ́ náà, èmi tí ọkọ̀ yẹn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, àyà mi já. Mo rí ọkọ̀ ogun nínú pápá wa, mo rí ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí rédíò ti ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnubodè tí kò dára. Mo yíjú sí fèrèsé. Ìkùukùu bo pápá, n kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo tún wo fọ́tò náà ni ojú mi bọ́ sí ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó le gbọnrangandan. Rọ́bà ni: ọkọ̀ tìrẹ ni, àwọn mẹ́ta tó dé sì ni àpótí tuntun tó dé sí ọ lọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó kún fún yìnyín, mo sì rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé kò sí ẹni tó kọ́ Màmá bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ Bazyli. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ń pariwo pé ruskie ti lé Màmá jáde nílé. Bazyli wò mí títí, ó ní ṣé oúnjẹ náà ò jinná ni. N kò bínú sí i. Ó wọ bàtà, a sì jọ tọ ẹsẹ̀ Màmá nínú yìnyín. Ẹsẹ̀ wọn kò gba ojú ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni wọ́n ń gbà, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí wọn láti ojú ọ̀nà, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní kékeré. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, tí mo máa ń di apá rẹ̀ mú kó tó lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀! Inú ihò ọ̀dùnkún ilé bàbá wọn tó ti jóná ni ẹsẹ̀ náà wọ̀. Ihò náà ṣì ní ilẹ̀kùn igi, wọ́n sì ti fi nǹkan tì í láti inú.

Mo kúnlẹ̀, mo fi ẹnu sí àlàfo igi, mo ní Màmá, èmi ni, Hieronim, ẹ jáde wá, kò sí ẹnì kankan níbí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn, ó rọlẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà:

“Ṣé wọ́n dúró sẹ́yìn ẹ ni? Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, má dá mi lóhùn. Ṣáà wúkọ́, màá ti mọ̀.”

Mo fẹ́ sọ pé kò sí ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n mo ti sáré nínú òtútù, ọ̀fun mi ti gbẹ, ikọ́ sì gbé mi kí n tó la ẹnu. Mo wúkọ́ títí omi fi jáde lójú mi. Mo gbọ́ tí Màmá fà sẹ́yìn nínú ihò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe orúkọ ìyá wọn. Mo ti gbọ́ ohun púpọ̀ láyé mi. N kò tíì gbọ́ ohun tó bà mí lẹ́rù tó ìyẹn.

Bazyli rò pé òun lè ràn mí lọ́wọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi èdè tí wọ́n ń sọ nílé wọn bá Màmá sọ̀rọ̀, ohùn pẹ̀lẹ́, ó ní kí ìyá má bẹ̀rù. O mọ èdè náà, ó sún mọ́ ti Rọ́ṣíà pẹ́kípẹ́kí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Bazyli ni Màmá ti mọ̀ ọ́n, wàrà màlúù tiwa ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bà tó báyẹn kò gbọ́ ohùn Bazyli, èdè nìkan ló gbọ́. Ẹkún inú ihò náà dákẹ́ lójijì. Bazyli fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì rìn jìnnà lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, omi lójú.

Òtútù ń le sí i. Tí mo bá fi agbára já ilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé ọkàn wọn yóò dúró kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ìgbà náà ni mo sáré relé, tí mo gbé ọkọ̀ ogun rẹ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti yọ rọ́bà rẹ kúrò, mo ti fi ẹ̀wọ̀n irin sí i, èyí tí a ń fi abẹ́rẹ́ kéékèèké so pọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo gbé e pa mọ́ àyà mi. Nígbà tí mo padà dé ihò, mo rọra ti ọkọ̀ náà gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí igi ti jẹrà. Ẹ̀wọ̀n irin rẹ̀ dún lórí òkúta, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn. Mo gbọ́ tí Màmá dá èémí dúró.

Mo ní, “Màmá, òun nìyẹn. Òun lẹ rí nínú fóònù. Ẹ fọwọ́ kàn án.”

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo gbọ́ tí ẹ̀wọ̀n irin náà tún dún, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi ìka yí i nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà Màmá sọ̀rọ̀, ohùn tí wọ́n fi máa ń bá mi wí nígbà tí mo bá da ọbẹ̀ nù:

“Hieronim, ṣé ẹ̀yin bàbá arúgbó méjèèjì lẹ jókòó tẹ́ ẹ̀ ń ṣe eléyìí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn.

Èmi àti Bazyli la gbé wọn wálé lórí àga. Ní ẹ̀gbẹ́ kànga, wọ́n ní kí n fún wọn ní fóònù náà. Mo fún wọn, wọ́n jù ú sínú omi, wọn kò sì wẹ̀yìn. Dókítà wá láti ìlú, ó ní òtútù ti wọ wọ́n láyà, ó fún wọn lóògùn, ó sì ní kí a máa ṣọ́ wọn. Wọ́n ti ń mu ọbẹ̀ gbígbóná báyìí. Alẹ́ ni ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí jù, mo máa ń dìde lọ gbọ́ bóyá wọ́n ń mí.

Má dá ara rẹ lẹ́bi, àwa méjèèjì la jọ ya fọ́tò yẹn. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni ní ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ́. Bá mi kí Irmina, kí o sì sọ fún un pé Màmá ń béèrè rẹ̀. Bazyli náà kí ọ. Láti ọjọ́ náà, èdè Póláǹdì nìkan ló ń sọ tó bá wọlé wá, tó fi jẹ́ pé Màmá ní kí ló ṣe é.

Ó ku ohun kan. Màmá kò dá ọkọ̀ rẹ padà fún mi. Ojú fèrèsé tó kọjú sí pápá ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì yí ẹnu ìbọn rẹ̀ síta. Mo sọ fún wọn pé ohun ìṣeré lásán ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀, àwọn kì í ṣe ọmọdé. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé ta ló sọ fún mi pé àwọn yẹn ò ní í wá mọ́. Mo gbé abọ́ ọbẹ̀ ọwọ́ mi kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, Lucjan. Wọ́n wá ní kí n kọ̀wé sí ọ nípa àwọn mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ọ lọ́wọ́, kí o tètè tò wọ́n, kí o sì kó wọn wá, nítorí ọ̀kan ṣoṣo kò lè ṣọ́ gbogbo ilé. Wọ́n ní kí o má fi rọ́bà sí ìkankan nínú wọn, pé irin tó ń dún ni àwọn fẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo jáde lọ ka fèrèsé ilé wa. Mẹ́rin ni, ọkọ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì sùn dáadáa,
Hieronim.